Tòmátì Lábẹ́ Òrùlé: Bí Igi Kan Ṣe Lè Wà Láàyè Yípo Ọdún ní Abẹ́òkúta

Bí òjò bá ti múlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn tó ń ná ọjà Kútọ̀, Láfẹ́nwá àti Ìtòkú: kí ló dé tí tòmátì tún fi wọ́n tó báyìí? Èyí tí wọ́n ń kó lé orí àwo lánàá ti di mélòó kan tí wọ́n tò síbẹ̀ bí ẹyin. Ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ ata tí wọ́n máa fi jẹ làfún nílé yóò ra tàtàṣé kún un, yóò ra tòmátì inú agolo, yóò sì dín èyí tútù kù.

Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí pé àwọn náà lè gbin tòmátì sílé. Wọ́n á fọ́n kóró rẹ̀ sẹ́yìn ilé, á hù, á ga, á tanná. Kó tó di pé èyí àkọ́kọ́ pọ́n, ewé á ti máa pọ́n dípò èso, igi á sì rọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n á ní ilẹ̀ ilé àwọn kò gba tòmátì.

Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan. Ní àwọn ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, òtútù ni wọ́n ń sá fún tí wọ́n fi ń gbé tòmátì wọlé. Ní Abẹ́òkúta, òtútù kò pa tòmátì rí. Òjò tó ń lu ewé, àrùn tó wà nínú ilẹ̀ àti ooru òru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní ohun tí èèyàn lè fi dènà rẹ̀ láàárín ilé: òrùlé, rọ́bà tí iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ wà nínú rẹ̀, àti ọgbọ́n gígé ẹ̀ka sínú omi kí igi tuntun lè rọ́pò èyí tó ti gbó.

Ìdí tí tòmátì fi ń wọ́n

Ọ̀pọ̀ tòmátì tútù tí ilẹ̀ Yorùbá ń jẹ, òkè Ọya ló ti ń wá: Kánò, Kàdúná, Kàtsínà, Jígáwà àti Gòḿbè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn ín jù, wọ́n á máa fi omi dámù bomi rin oko, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Kádáwá ní ìpínlẹ̀ Kánò, níbi tí omi dámù Tìgá ti ń ṣàn wọ oko. Bí òjò bá dé, irè tibẹ̀ á lọ sílẹ̀. Tòmátì ti ilẹ̀ Yorùbá náà kò sì tíì jáde, nítorí pé ìgbà òjò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìn ín. Àlàfo yìí ni owó fi ń gòkè.

Bí nǹkan mìíràn bá wá kún un, ó di wàhálà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ìpò pàjáwìrì nítorí kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta, èyí tí àwọn ará ọjà sọ ní "Ebola tòmátì". Àfòpiná kékeré ni. Ìdin rẹ̀ ló ń wọ inú ewé àti èso, tó ń jẹ wọ́n láti inú. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó dé Sípéènì ní ọdún 2006 kó tó tàn dé Áfíríkà. Wọ́n tún dárúkọ kòkòrò yìí kan náà nígbà tí tòmátì gbówó lórí ní ọdún 2024. Kì í sì í ṣe kòkòrò nìkan. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ tó ń bọ̀ wá sí ìhà gúúsù dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo ilé tó ń dáná ló mọ̀ ọ́n lára.

Igi mélòó kan lábẹ́ fàráńdà kò lè rọ́pò ọjà Láfẹ́nwá. Àmọ́ ilé tó bá ní wọn kò ní máa wo ojú ọ̀nà òkè Ọya nítorí tòmátì mẹ́ta tó fẹ́ fi lọ ata.

Tòmátì kì í kú nítorí ọjọ́ orí

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé tòmátì kì í ṣe ohun ọ̀gbìn oṣù mẹ́rin péré. Ní ìlú tó ti wá, ìyẹn ìwọ̀ oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà ní apá Peru àti Ecuador, igi rẹ̀ lè gbé ju ọdún kan lọ. Òtútù ilẹ̀ òyìnbó ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún. Nínú àwọn ilé onígíláàsì ní Holland, igi tòmátì kan máa ń so fún oṣù púpọ̀ láìsinmi. Bó ṣe ń gùn ni wọ́n ń tú okùn rẹ̀ wálẹ̀, tí wọ́n sì ń ká ìdí rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, oòrùn wà, yìnyín kò sí. Ohun mẹ́ta ló ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Èkíní ni òjò. Bí òjò bá ń lu ilẹ̀, ẹrẹ̀ á máa ta sí ewé ìsàlẹ̀, àrùn inú ilẹ̀ á bá a gòkè. Ewé tó bá tutù di ọ̀sán á yọ àpá dúdú roboto, á pọ́n, á sì já bọ́. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ tó ń gun òkè.

Èkejì ni àrùn ìrọ tí bakitéríà inú ilẹ̀ ń fà. Igi tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lánàá á ṣàdédé rọ lónìí, bẹ́ẹ̀ omi wà ní ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú kó gé igi náà nítòsí ìdí, kó ti ojú ibi tó gé bọ inú gíláàsì omi tó mọ́. Bí nǹkan funfun bí omi wàrà bá ń ṣàn jáde láti ojú rẹ̀ bí okùn òwú, àrùn náà ni. Kò ní oògùn. Ó ń bá tòmátì, ata, ìkàn, tábà àti ọ̀dùnkún òyìnbó jà, nítorí pé ẹbí kan ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń gbin ata láti ọjọ́ pípẹ́ kì í fi í dára fún tòmátì.

Ẹ̀kẹta ni ooru òru. Bí òru bá gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí tí ọ̀sán kọjá 35, òdòdó tòmátì á máa já bọ́ láìso. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta nìyẹn ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin. Igi kò kú, ṣùgbọ́n kò so.

Èyí fi ohun kan hàn. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, tí ìlú tutù jù, ni òru máa ń dẹ̀ fún òdòdó láti so, ṣùgbọ́n ìgbà òjò náà ni àrùn ń pa igi lóko. Ẹni tó bá wá ibi tí òjò kò ti ní dé ara ewé, tí oòrùn sì dé, ti rí ohun tí oko kò lè fún tòmátì lásìkò yẹn.

Ibi tí oòrùn ń wọ̀

Ilé kì í ṣe inú yàrá. Tòmátì ń fẹ́ oòrùn wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́. Nínú pálọ̀, bó ti wù kí ó mọ́lẹ̀ tó, yóò kàn máa ga tẹ́ẹ́rẹ́, yóò máa na ọrùn sí fèrèsé, kò sì ní í so. Àyè rẹ̀ ni fàráńdà, bákónì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, abẹ́ etí òrùlé tó yọ síta, tàbí abẹ́ páànù ṣíṣí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìhà tí ilé kọ jú sí ṣe pàtàkì. Ọ̀nà oòrùn kì í dúró sójú kan. Ní Abẹ́òkúta, oòrùn máa ń wà ní ọ̀gangan orí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá ló máa ń gbà kọjá ní ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, yóò padà sí apá gúúsù títí di oṣù Kẹrin tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, fàráńdà tó kọ jú sí àríwá á rí oòrùn nígbà òjò, èyí tó kọ jú sí gúúsù á rí i nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ní méjèèjì kó máa gbé rọ́bà rẹ̀ láti ìhà kan sí èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Fàráńdà tó kọ jú sí ìlà oòrùn ló rọrùn jù. Oòrùn àárọ̀ á gbẹ ìrì ara ewé, ooru ọ̀sán kò sì ní í le jù. Èyí tó kọ jú sí ìwọ̀ oòrùn náà ṣeé lò, àfi kí wọ́n ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Kí wọ́n má ṣe gbé rọ́bà ti ògiri tàbí àpáta tí oòrùn ń sá sí láti àárọ̀, nítorí pé àpáta tó ti gba ooru lọ́sàn-án ni yóò máa tú u sára igi lóru.

Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ń gbé ní London tàbí Toronto, iná mànàmáná ni wọ́n máa nílò nígbà òtútù. Igi náà nílò ìmọ́lẹ̀ gílóòbù fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, kí gílóòbù sì sún mọ́ ewé dáadáa. Ní Abẹ́òkúta, kò sídìí fún un. Ẹni tó bá ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí tòmátì, owó epo á ju owó tòmátì lọ.

Irú èyí tó yẹ kí wọ́n gbìn

Irú tòmátì méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń kúrú, á so gbogbo èso rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì dáwọ́ dúró. Roma VF àti UC82B tí àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà mọ̀ dáadáa wà nínú irú èyí. Wọ́n dára fún oko, torí ẹni tó fẹ́ kó gbogbo irè lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà ló ń fẹ́ wọn. Ìkejì kì í dáwọ́ gígùn dúró. Bó ṣe ń ga ló ń tanná, tó ń so. Èyí ni ẹni tó fẹ́ jẹ tòmátì yípo ọdún gbọ́dọ̀ wá.

Tòmátì wẹ́wẹ́ tó ń so bí èso àjàrà ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ máa ń so nínú ooru ju ti ńláńlá lọ. Kóró inú tòmátì ọjà náà á hù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ irú igi tó máa jáde. Bí ẹ bá fẹ́ ra kóró nínú páálí, ẹ wò ó lára rẹ̀ bóyá irú tó ń gùn ni tàbí irú tó ń kúrú.

Rọ́bà, iyẹ̀pẹ̀ àti omi

Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú tí ilẹ̀ jìn níbi gbogbo. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Aké, Ìkìjà àti Ìtòkò, bí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, àpáta ni wọ́n á kàn. Rọ́bà ló gba àwọn onílé yìí là. Rọ́bà ọ̀dà onílítà 20 tó fún igi kan. Kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà 25 tí wọ́n gé orí rẹ̀ náà dára, tí wọ́n bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tán. Àpò ìrẹsì náà ṣeé lò, àmọ́ oòrùn máa ń jẹ ẹ́. Kí wọ́n lu ihò 5 sí 8 sí ìdí rọ́bà. Rọ́bà tí kò níhò, omi ni yóò pa igi inú rẹ̀.

Fún iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á po ilẹ̀ dúdú ọwọ́ méjì, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ọwọ́ kan, àti yanrìn tàbí èèpo ìrẹsì ọwọ́ kan. Èèpo ìrẹsì kò wọ́n ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ìgbẹ́ adìẹ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ tó oṣù méjì, kó má rùn mọ́, kó dúdú, kó sì máa ṣẹ́ lọ́wọ́. Èyí tó tutù á jó gbòǹgbò.

Kí wọ́n má ṣe wa ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbin ata tàbí ìkàn rí. Bí kò bá sí ibòmíràn, kí wọ́n fi iná se ilẹ̀ náà. Wọ́n á rẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n á dà á sínú àgbá irin àtijọ́, wọ́n á dé e, wọ́n á dáná sí i ní ìta gbangba. Kí wọ́n ri ọ̀dùnkún kékeré kan mọ́ àárín rẹ̀. Bí ọ̀dùnkún bá ti jinná, ooru ti dé ibi gbogbo, ọ̀pọ̀ àrùn àti kòkòrò inú rẹ̀ ti kú. Kó tutù pátápátá kí wọ́n tó lò ó.

Kóró á hù láàárín ọjọ́ 5 sí 10. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, tó ní ewé gidi mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á lọ́ ọ sínú rọ́bà rẹ̀. Kí wọ́n rì í jìn, kí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ewé ìsàlẹ̀, nítorí gbogbo ara igi tòmátì tó wà nínú ilẹ̀ ló ń yọ gbòǹgbò. Láti ìgbà tí wọ́n bá lọ́ ọ, ó máa ń gbà tó oṣù méjì sí méjì ààbọ̀ kí èso àkọ́kọ́ tó pọ́n.

Omi ni ọ̀pọ̀ fi ń pa tòmátì inú rọ́bà. Kí wọ́n ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá tutù níbẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bó bá gbẹ, kí wọ́n bu omi sí i títí yóò fi jò nísàlẹ̀. Igi ńlá tó ń so lè mu lítà kan sí méjì lójúmọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí igi ni kí wọ́n da omi sí, kì í ṣe ara ewé, àárọ̀ ló sì dára jù. Kí koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ kí omi má baà tètè gbẹ. Bí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ pátápátá lónìí, tí wọ́n wá rì í mọ́ omi lọ́la, ìdí èso á di dúdú, á sì rà. Kì í ṣe kòkòrò ló fà á. Àìdọ́gba omi ni, tí kò jẹ́ kí èso rí kálísíọ̀mù gbà bó ṣe yẹ.

Omi òjò tó ń ṣàn láti orí páànù ṣeé gbè sínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ omi kò bá yọ. Kí wọ́n dé dúrọ́ọ̀mù náà, kí wọ́n sì má jẹ́ kí omi dúró nínú àwo ìsàlẹ̀ rọ́bà. Ẹ̀fọn á pọ̀, ibà á sì wọ ilé.

Oúnjẹ inú rọ́bà tètè ń tán. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n lè fi ẹ̀kúnwọ́ kan ìgbẹ́ adìẹ jíjẹrà kún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, tàbí ṣíbí tíì kan ajílẹ̀ NPK 15-15-15, kó jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi. Bí wọ́n bá fi kún un jù, ewé nìkan ni wọ́n máa rí.

Ó ti tanná, kò so

Igi tó wà lábẹ́ òrùlé kì í rí atẹ́gùn àti oyin bí ti oko. Òdòdó tòmátì ní akọ àti abo nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kì í dà jáde àyàfi tí nǹkan bá gbọ̀n ọ́n. Nínú ilé onígíláàsì Holland, èèyàn ló ń fi ẹ̀rọ gbọ̀n wọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oyin ńlá onírun kan ní ìparí àwọn ọdún 1980.

Ní fàráńdà, ìka ọwọ́ ti tó. Láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, tí ìrì ti gbẹ, kí wọ́n fi ìka ta ẹ̀yìn ẹ̀ka òdòdó náà díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n mi ọ̀pá tí wọ́n so igi mọ́. Ìṣẹ́jú kan lójúmọ́ ni. Ọmọ ilé ìwé lè ṣe é lọ́jọ́ tí kò bá sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oṣù Kẹta ni òdòdó ń já bọ́, ooru ló fà á. Kí wọ́n má ṣe da ajílẹ̀ sí i nítorí ìyẹn.

Kòkòrò àti àìsàn

Òrùlé ń gba tòmátì lọ́wọ́ òjò, ṣùgbọ́n òjò kan náà ló ń fọ kòkòrò kúrò lára ewé lóko. Ẹni tó bá gbin tòmátì sábẹ́ òrùlé ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Kí ó máa yí ẹ̀yìn ewé wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Bí ewé bá ní àmì wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, tí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti aláǹtakùn sì wà níbẹ̀, kòkòrò pupa tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni. Ó fẹ́ràn ẹ̀ẹ̀rùn àti eruku ọyẹ́. Bí eṣinṣin funfun kéékèèké bá fò dìde nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan igi, ìyẹn léwu jù, nítorí pé ó ń gbé àrùn tó ń ká ewé jọ tó sì ń sọ ọ́ di aláwọ̀ òféèfé. Igi tí ewé rẹ̀ bá ti ká bẹ́ẹ̀, tó sì ń ràn, kí wọ́n fà á tu kó tó kó ran èyí tó kù. Bí ojú ọ̀nà funfun bá ń ya kiri inú ewé, ìdin Tuta lè ti wọ̀ ọ́. Kí wọ́n já ewé náà, kí wọ́n sun ún.

Oògùn tó yẹ inú ilé kò jìnnà. Ọṣẹ olómi ṣíbí tíì kan nínú omi lítà kan, tí wọ́n fi fọ́n ẹ̀yìn ewé ní ìrọ̀lẹ́, á pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Omi ewé tàbí kóró dóńgóyárò tí wọ́n gún, tí wọ́n rẹ mọ́jú, tí wọ́n sì sẹ́, náà ń lé kòkòrò. Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí wọn yóò fi lọ.

Ẹ má ṣe fọ́n oògùn ẹ̀fọn tàbí oògùn aáyán sí ohun tí ẹ máa jẹ. Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò pẹlẹbẹ, májèlé sì ni fún èèyàn. NAFDAC ti dá títa ìgò kéékèèké rẹ̀ dúró lọ́jà láti ọdún 2019.

Ẹni tó ń mu sìgá kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan igi, torí pé àrùn kan wà tó máa ń ti ara tábà ràn tòmátì. Kí wọ́n sì gbé rọ́bà sókè níbi tí ewúrẹ́ àti adìẹ àdúgbò kò ní í dé. Ọ̀pọ̀ tòmátì tó yè lọ́wọ́ òjò, ẹnu ewúrẹ́ ló kú sí.

Ìyá àti ọmọ

Bó ti wù kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tó, igi kan nínú rọ́bà kan á rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìdí rẹ̀ á gan, èso á kéré sí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé tòmátì ti tán. Kò tán. Ó ti tó àkókò láti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá.

Láàárín ara igi àti ẹ̀ka ewé, ọmọ ẹ̀ka kékeré máa ń yọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń já wọn kí igi má baà di igbó. Dípò kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan gùn tó bí ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí wọ́n gé e, kí wọ́n já ewé ìsàlẹ̀ àti òdòdó rẹ̀, kí wọ́n sì fi í sínú ife omi ní ibi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò ti sá sí i tààrà. Kí wọ́n máa pààrọ̀ omi náà lọ́jọ́ méjì méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, gbòǹgbò funfun á yọ. Wọ́n á gbìn ín sínú rọ́bà mìíràn tó ní iyẹ̀pẹ̀ tuntun. Ó máa ń yára so ju èyí tí wọ́n fi kóró gbìn lọ, nítorí pé àgbà ló ti wà lára ìyá rẹ̀.

Ilé tó bá fẹ́ rí tòmátì yípo ọdún kó máa ní igi ọlọ́jọ́ orí méjì nígbà gbogbo: ìyá tó ń so, àti ọmọ tó ń dàgbà bọ̀. Rọ́bà mẹ́fà, mẹ́ta fún ìyá, mẹ́ta fún ọmọ, jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Igi tó ń ṣàìsàn kò yẹ ní gígé, torí àìsàn ìyá lọmọ máa jogún. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n tún fi kóró tuntun bẹ̀rẹ̀.

Kàlẹ́ńdà tòmátì fún Abẹ́òkúta

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní: òjò ti lọ, ọyẹ́ ń bọ̀, òru tutù. Kí rọ́bà wà ní ìhà gúúsù tàbí ìlà oòrùn. Èso máa ń pọ̀ dáadáa lásìkò yìí. Kí wọ́n fi omi fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára ewé ní àárọ̀, kó lè gbẹ kí oòrùn tó mú.

Oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin: ooru dé. Òdòdó á já bọ́. Kí wọ́n gé ẹ̀ka ìyá sínú omi, kí wọ́n gé ìyá náà kúrú, kí wọ́n fún un ní ìbòòji ọ̀sán, kí wọ́n sì bomi rin ín láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ bí ilẹ̀ bá gbẹ.

Oṣù Kẹrin sí oṣù Keje: òjò bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbé rọ́bà sí ìhà àríwá, jìnnà sí ibi tí omi páànù ti ń ta wọlé. Kí wọ́n já ewé ìsàlẹ̀ tó ń kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n gé ní oṣù Kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í so ní àkókò yìí gan-an tí ti ọjà wọ́n jù.

Oṣù Kẹjọ: òjò sinmi díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣú. Igi kò mu omi púpọ̀, kí wọ́n dín in kù. Èso á pẹ́ kó tó pọ́n. Wọ́n lè ká a bó bá ti ń yí àwọ̀, á pọ́n nínú ilé.

Oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá: òjò padà. Kí wọ́n gbé rọ́bà padà sí ìhà gúúsù, kí wọ́n sì tún gé ọmọ tuntun fún ìgbà ọyẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kóró tó dára tàbí àlàyé síwájú sí i lè lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ Ògùn, OGADEP, tàbí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, FUNAAB, ní ojú ọ̀nà Àlàbàtà, níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀ka tó ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. NIHORT ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, náà ń ṣiṣẹ́ lórí tòmátì.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀: rọ́bà ọ̀dà tó ti ṣófo, ilẹ̀ tó mọ́, àti tòmátì wẹ́wẹ́ kan tí kóró wà nínú rẹ̀. Ohun tó gbà jù ni ojú tó ń wò ó lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá ka ìròyìn yìí lónìí, tó sì fi kóró sílẹ̀ lọ́la, á ti máa ká tirẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.